Òórùn àti ilẹ̀ híha láti fi fa ẹran: ṣé ó lè ṣiṣẹ́ fún àgbọ̀nrín ilẹ̀ Ọ̀kun?

Ọmọ Ìyàrá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ọ̀kun o, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Mo máa ń wo fídíò àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà. Wọ́n á wọ igbó, wọ́n á fi igi ha ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka kan títí ewé gbígbẹ á fi kúrò tí erùpẹ̀ á sì hàn, wọ́n á wá da nǹkan sí i láti inú ìgò kékeré. Wọ́n ní ìtọ̀ abo ẹran ni. Bó bá ṣe díẹ̀, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi á ya àwòrán akọ ńlá kan tó dorí kodò síbẹ̀, tó ń gbóòórùn.

Lẹ́yìn oko kajú bàbá mi ní ilẹ̀ Ọ̀kun níhìn-ín, ní ìpínlẹ̀ Kogí, àgbọ̀nrín wà níbẹ̀ dáadáa. Mò ń rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà odò, mo sì ń gbọ́ ọ tó ń gbó lálẹ́, àmọ́ kì í jẹ́ kí n fojú kàn án. Ẹnì kan ń ta irú ìgò òórùn yẹn lọ́jà, ó ní láti òkè òkun ni wọ́n ti kó o wá, owó tó sì pè é kì í ṣe kékeré. Kí n tó náwó, mo fẹ́ mọ̀: ṣé ó lè fa àgbọ̀nrín tiwa? Bí kò bá lè fà á, kí ló lè fà á?

Ará Mọ̀pà ní Virginia

Ọ̀kun, àbúrò. Ọmọ Mọ̀pà ni mí, Virginia ni mò ń gbé, mo sì gba ìwé àṣẹ ọdẹ níbí. Ohun tí o rí nínú fídíò yẹn, èmi náà máa ń ṣe é, nítorí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa kí o tó yọ owó.

Ẹran tí wọ́n ń fà níbẹ̀, àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà ni. Ìwo rẹ̀ máa ń já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn á sì hù dípò rẹ̀. Àsìkò kan láàárín ọdún ni abo rẹ̀ ń wá akọ. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, àárín oṣù kọkànlá ló máa ń le jù. Kí àsìkò yẹn tó dé, láti ìparí oṣù kẹwàá, ara akọ kò ní balẹ̀ mọ́. Á wá ẹ̀ka igi tó rọ̀ sílẹ̀ tó lè kan orí rẹ̀, á gé e jẹ díẹ̀díẹ̀, á fi iwájú orí àti ẹ̀gbẹ́ ojú ra á, kí òórùn tirẹ̀ lè wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà á fi pátákò iwájú ha ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ka yẹn, á kó ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì jọ, á sì tọ̀ kí ìtọ̀ náà gba orí ìdì irun tó wà nínú oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bọ́ sílẹ̀. Ìdì irun yẹn ló ń rùn gan-an lára akọ ní àsìkò náà. Akọ mìíràn tó bá ń kọjá á dúró gbóòórùn rẹ̀, òun náà á fi tirẹ̀ lé e. Abo náà ń dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹran pàápàá ń dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó wà nínú igbó àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí ọdẹ ń ṣe ni pé á dá irú ibẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo máa ń wá ibi tí ọ̀nà ẹran méjì ti pàdé, tàbí etí pápá tó kọjú sí igbó. Mo ń wo ẹ̀ka tó yọ síta, tó ga tó mítà kan ààbọ̀ tàbí kó dín díẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀ka, mo ń so okùn tó nípọn rọ̀ láti òkè kó sọ̀ dé ìwọ̀n yẹn. Mo wá ń ha ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní òbìrìkítí, kó fẹ̀ tó 60 sí 90 sẹ̀ǹtímítà, kó mọ́ dé erùpẹ̀. Bàtà rọ́bà ni mo ń wọ̀, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni mo fi ń di nǹkan gbogbo mú, torí pé bí òórùn àtẹ́lẹwọ́ mi bá wà lára ẹ̀ka yẹn, òun ni imú ẹran máa kọ́kọ́ bá. Ẹ̀ka yẹn ló ṣe pàtàkì jù, ó ju ilẹ̀ híha lọ, ó ju ìtọ̀ lọ. Jálẹ̀ ọdún ni wọ́n ń wá gbóòórùn ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ilẹ̀ híha ní àsìkò tirẹ̀.

Ìtọ̀ inú ìgò ńkọ́? Ní Virginia níbí, òfin ti ka ìtọ̀ àgbọ̀nrín gidi léèwọ̀ fún ọdẹ láti ọdún 2015. Àìsàn kan wà tó ń ba ọpọlọ ẹran jẹ́, tó ń mú un rù títí yóò fi kú. Colorado ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1967. Ohun tó ń fà á ń jáde nínú itọ́, nínú ìtọ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹran tó ní in, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkú. Nítorí rẹ̀ ni àwọn ìpínlẹ̀ kan fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé ìtọ̀ ẹran láti ọgbà kan lọ dà sínú igbó mìíràn. Àwọn ọdẹ kan ń lo òórùn tí wọ́n pò nílé iṣẹ́, àwọn mìíràn kì í lo nǹkan kan rárá, ẹ̀ka nìkan ti tó wọn.

Ohun kan tún kù tí fídíò kì í sọ. Òru ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ń dé ibẹ̀, níbí sì rèé, òfin kò gbà ká yìnbọn fún un lóru. Èmi ń fi ilẹ̀ híha mọ irú ẹran tó wà nínú igbó ni, nípa kámẹ́rà. Ó tún ń jẹ́ kí ẹran tó fẹ́ kọjá lọ tẹ́lẹ̀ dúró díẹ̀ níbi tí mo ti lè rí i kedere.

Má ra ìgò yẹn, àbúrò. O ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ìtọ̀ gidi, ẹran tó tọ̀ ọ́ kì í ṣe ẹ̀yà ẹran tó wà nínú igbó yín.

Bàbá Ọdẹ Ìsánlú

O ṣeun, ọmọ Mọ̀pà. Àlàyé rẹ yé mi yékéyéké, ó sì wù mí bí o ṣe fi ara balẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ Ìyàrá, àgbọ̀nrín tiwa kò ní irú ìwà yẹn. Ìwo rẹ̀ kì í já. Abo rẹ̀ kò ní oṣù kan pàtó tó ń wá akọ. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, o máa bá ọmọ rẹ̀ pàdé. Kì í rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́, òun nìkan ní í dá rìn, àfi abo tí ọmọ rẹ̀ bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ máa ń fi ìwo ya igi kékeré àti igbó lára, mo ti rí ojú ibẹ̀ púpọ̀, àmọ́ kì í ṣe ibi tí àwọn akọ yòókù ń wá ṣe ìpàdé. Tí o bá ha ilẹ̀ sílẹ̀ dè é, yóò kọjá lára rẹ̀ ni.

Àmọ́ ẹ má rò pé òórùn kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Abo tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń fi ọmọ pamọ́ sínú igbó dídí, á lọ jẹun, á padà wá fún un lọ́mú, á sì jẹ ìgbẹ́ ọmọ náà tán pátápátá kí òórùn má bàa júwe rẹ̀ fún ẹranko tó ń pa ẹran jẹ. Ẹran tó ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ fún òórùn ọmọ rẹ̀, báwo ni kò ṣe ní gbọ́ òórùn tìrẹ? Ìyẹn ni kí o kọ́kọ́ tọ́jú, kí o tó ronú ohun tí o fẹ́ fi fà á.

Atẹ́gùn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, láti ọwọ́ àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ti ń wá. Nígbà òjò, láti ọwọ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ìyẹn rọrùn láti mọ̀. Èyí tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ ni ti àwọn òkè wa wọ̀nyí. Ní Ìsánlú, ní Kàbà, ní Ògìdì, ibi gbogbo tí òkè àti àpáta wà, bí oòrùn bá ti mú ara òkè, atẹ́gùn á máa gòkè láti ẹsẹ̀ òkè lọ sókè. Bí ilẹ̀ bá ti tutù lálẹ́, á yí padà, á máa rọra sọ̀ lọ sí ojú odò. O lè jókòó ní ìrọ̀lẹ́ kó dà bíi pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí ọ lójú, kí oòrùn wọ̀ tán, kó ti yí sí ẹ̀yìn rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀.

Mo ní eérú igi kan tí mo kù dáadáa kó lè kúnná bí àtíkè. Mo dì í sínú aṣọ tí ojú rẹ̀ kò há, mo so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì. Tí mo bá fi ìka ta aṣọ yẹn, eérú díẹ̀ á fò jáde, màá fi ojú tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan tí mo bá jókòó nìkan ni mo ń ṣe é o. Mo ń ṣe é títí mo fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ègùn, ìyẹn ibi tí ọdẹ ń jókòó sí lórí igi. Bí eérú bá ti kọrí sí ibi tí ẹran máa gbà wá, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti parí, kò sí ohun tí òórùn inú ìgò kankan lè ṣe sí i.

Ọmọ Ìyàrá

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀gbọ́n Mọ̀pà, Ọlọ́run á ṣọ́ yín níbẹ̀. Mi ò ní ra ìgò náà mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí òórùn ara mi? Ọ̀kadà ni mò ń gùn dé etí oko, mo sì ń wẹ̀ kí n tó lọ.

Ọdẹ Bùnú

Gbé ọ̀kadà rẹ sí ọ̀nà jíjìn, kí o fi ẹsẹ̀ rìn ìyókù. Epo bẹntiróòlù tó bá kan ọwọ́ rẹ, yóò wà lára ìbọn, yóò wà lára igi tí o dì mú. Wẹ̀, àmọ́ má fi ọṣẹ olóòórùn wẹ̀. Ọṣẹ dúdú lásán tó. Má fi ìpara pa ara, má fín lọ́fínńdà, má mu sìgá, má jẹ gúgúrú oníbọ́tà lórí igi. Ní aṣọ ọdẹ kan lọ́tọ̀ tí o kì í wọ̀ lọ ibòmíràn, má fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, má sì gbé e kọ́ sínú yàrá tí ẹ ti ń sùn. Èmi ń ká ewé igbó ibẹ̀ gan-an, mo ń fi ọwọ́ ra á, mo ń fi pa aṣọ àti bàtà. Ewé ibẹ̀, kì í ṣe ewé láti ilé. Bí efinrin kò bá hù nínú igbó yẹn, má fi efinrin para wọ ibẹ̀.

Àgbẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Bùnú, mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ tèmi yàtọ̀ díẹ̀ lórí aṣọ. Orí ààrò nínú abà oko ni mo ń fi aṣọ ọdẹ mi kọ́ sí, kí èéfín gbà á. Ó ń bo òórùn ara mọ́lẹ̀.

Ọdẹ Bùnú

Ẹ̀gbọ́n, ẹran á gbọ́ òórùn èéfín láti òkèèrè.

Bàbá Ọdẹ Ìsánlú

Ẹ̀yin méjèèjì, ibi tí ẹ ti ń dẹ ló mú ọ̀rọ̀ yín yàtọ̀. Ẹran tó ń gbé etí oko, èéfín kì í ṣe àjèjì sí i. Lójoojúmọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń dá iná níbẹ̀, ó sì ń jẹun lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ní etí oko Ẹ̀gbẹ̀, aṣọ tó gba èéfín kò burú. Àmọ́ tó bá jẹ́ igbó tó jìn tí ènìyàn kì í dé, gbé aṣọ èéfín sílẹ̀. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ lánàá ni ẹran ń sá fún.

Àgbẹ̀ Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá ti là wá. Ẹ ṣeun, bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè kejì tí ọmọ Ìyàrá bi, ìyẹn ohun tó ń fà á. Oúnjẹ ló ń fà á, oúnjẹ tó ń rùn sí i. Wo igi tó ń so nínú oko rẹ. Nígbà òjò, ìyeyè. Tí ìyeyè bá ti ń jábọ́ tó sì ń bẹ̀rẹ̀ sí í kan, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀, ẹtu àti àgbọ̀nrín á máa wá ṣà á lálẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́ náà ńkọ́, ẹtu fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, pàápàá níbi tí ọ̀bọ àti ẹyẹ bá wà lórí igi tí wọ́n ń gbọn èso sílẹ̀ fún un. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin, kajú ni. Àwa ń ká kóró, a ń fi èso rẹ̀ tó rọ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Lọ wo abẹ́ igi kajú tó wà ní ìpẹ̀kun oko níbi tí kò sí ariwo, ojú ẹsẹ̀ ẹtu á kún ibẹ̀ láàárọ̀.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í kà sí ni èéhù. Ewé ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ọ̀mùnú igi tó hù lẹ́yìn tí iná bá jó igbó, koríko tútù tó yọ ní etí àbàtà nígbà tí ibi gbogbo ti gbẹ. Àgbọ̀nrín kò lè fojú fo ìyẹn. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ tiná bọ igbó nítorí ẹran o. Iná tí ọdẹ tàn ti jó oko kajú àti oko kòkó onílé kan mọ́lẹ̀ níhìn-ín, ẹni náà kò tíì bọ́ nínú gbèsè rẹ̀. Etí ibi tí iná ti jó tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ lọ wò.

Ọdẹ Bùnú

Ẹ má gbàgbé iyọ̀. Ewé àti koríko kì í ní iyọ̀ púpọ̀ nínú, ara ẹran sì nílò rẹ̀, òun ló ń mú un rin ọ̀nà jíjìn lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti ní iyọ̀ kó lè lá a. Bí ẹ bá mọ ibi tí ẹran ń lá ilẹ̀, tí ẹ rí i tí erùpẹ̀ ibẹ̀ ti jinlẹ̀ wọlé tí ojú ahọ́n hàn lára rẹ̀, ẹ ti ní ohun tó dára ju gbogbo òórùn ọjà lọ.

Bí kò bá sí, ẹ lè ṣe é. Mo máa ń wá kùkùté igi tó ti ń jẹrà tàbí ara ògán tí ikán ti fi sílẹ̀. Màá gbẹ́ ihò díẹ̀ sí i, màá da iyọ̀ sí i, màá fi omi díẹ̀ lé e kó lè wọ inú igi. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe é, òjò á fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ má padà débẹ̀ kíákíá. Ẹran kì í rí i lọ́jọ́ kan. Bó bá sì ti rí i, kò ní gbàgbé ibẹ̀, kódà tí iyọ̀ bá ti tán á ṣì máa wá jẹ igi náà. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí odò tí àwọn ènìyàn ń pọn, kó sì jìnnà sí ọ̀nà màlúù, torí pé màlúù á lá gbogbo rẹ̀ tán.

Ìyá Ẹlẹ́ran Kàbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí gbogbo yín. Èmi kì í ṣe ọdẹ, ẹran ìgbẹ́ ni mò ń tà, mo sì ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí ẹ ń sọ yìí ni mo ṣe dá sí i.

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má da májèlé mọ́ iyọ̀ tàbí mọ́ omi. Ó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ń da oògùn kòkòrò sí ibi tí ẹran ti ń mu omi, wọ́n á sì gbé ẹran náà wá fún wa lọ́jà pé ọta ló pa á. Mo máa ń wá ojú ọta, mo ń wá ojú tàkúté. Tí mi ò bá rí ọ̀kankan, tí mo sì rí ìfófòó lẹ́nu rẹ̀, mi ò ní rà á, bó ti wù kó sanra tó. Àwọn ọmọ wa ló máa jẹ ẹran yẹn.

Èkejì ni èyí tó ń dùn mí jù. Bàbá Ìsánlú sọ ọ́ pé àgbọ̀nrín kò ní oṣù tó ń bímọ. Òótọ́ ni, èmi tí mò ń la inú rẹ̀ ni mo mọ̀. Nínú oṣù kóṣù ni mo ń bá ọmọ nínú abo. Ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí lẹ́ẹ̀kan, oyún rẹ̀ sì ń tó oṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá jókòó ti iyọ̀ tàbí ìyeyè, ẹran á sún mọ́ yín débi tí ẹ máa rí i dáadáa. Ẹ wo orí rẹ̀. Akọ ló ní ìwo, ìwo náà lọ́ díẹ̀, akọ tó bá sì ti dàgbà ara rẹ̀ máa ń dúdú ju ti abo lọ. Abo pupa ni, kò ní ìwo, funfun wà lára rẹ̀ ní ìlà àti ní tóótòòtó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí abo lọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọjà yìí, àgbọ̀nrín tí wọ́n ń gbé wá láàárín ọ̀sẹ̀ pọ̀. Ní báyìí, ọ̀yà àti òkété ló kù tí mo ń rí déédéé. Ìdí ẹran yìí ni mo ti ń rówó, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ náà bá a nínú igbó.

Bàbá Ọdẹ Ìsánlú

Ìyá, ẹnu yín kò ní kan. Òótọ́ pọ́ńbélé lẹ sọ. Bí bàbá tó kọ́ mi lọ́dẹ ṣe kọ́ mi náà nìyẹn: ẹran tó wá lá iyọ̀ pẹ̀lú ọmọ, ojú la fi ń wò ó.

Olùkọ́ Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Bàólójì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Mo fẹ́ fi kún un nípa ẹtu, torí pé bí ẹran kan bá wà níhìn-ín tí òórùn rẹ̀ jọ ti ẹran Amẹ́ríkà yẹn díẹ̀, ẹtu ni.

Bí ẹ bá rí ẹtu tàbí èsúró, ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ dáadáa. Ojú ìlà kan wà níbẹ̀, láàárín ojú àti imú. Ẹ rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́, omi kan tó ń rùn á jáde. Ohun tó fi ń sàmì sí ilẹ̀ tirẹ̀ nìyẹn. Á fi ojú ìlà yẹn ra ẹnu igi kékeré kan, á tún ra òmíràn níwájú, akọ àti abo ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí orí igi wẹ́wẹ́ ní ìwọ̀n ìgbéorísókè ẹtu, tí nǹkan dúdú gbẹ mọ́ ọn lórí, ẹ mọ̀ pé ẹtu kan ń gbé nítòsí, ọ̀nà yẹn ló sì ń gbà déédéé. Ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìró pẹ̀lú ń fa ẹtu ju òórùn lọ. Ní Kamẹrúùnù àti Ivory Coast, àwọn ọdẹ máa ń fi ìka fún imú pọ̀, wọ́n á sì ké bíi ti ẹtu tí ìyà ń jẹ. Ẹtu tó bá gbọ́ á sáré wá. Ọ̀sán ni wọ́n ń ṣe é, nínú igbó dídí.

Ọdẹ Bùnú

Ọ̀gá tíṣà, àwọn àgbà wa náà ń ṣe é. Kí ẹni tó bá ń ké má ké léraléra. Ké e lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí o dákẹ́ pátápátá kí o máa wo ilẹ̀, má wo òkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lo máa kọ́kọ́ rí lábẹ́ ewé.

Ẹ̀ṣọ́ Yàgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ ti sọ̀rọ̀ ẹran tó. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ibi tó bá ń fa ẹran, ó ń fa ọdẹ. Igi ìyeyè tí ìwọ mọ̀, ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n. Ibi iyọ̀ tí o ṣe, ẹlòmíràn ti rí ojú ẹsẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè wà lórí igi lódì kejì ní òru ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ìbọn tí ọta wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọdẹ ṣe ń pa ọdẹ nìyẹn. Ẹ fi ààlè sí ẹnu ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ọdẹ àdúgbò pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ lálẹ́ yìí. Bí ẹ bá bá ààlè níbì kan, ẹ padà. Ẹ má yìnbọn fún ojú tó ń tàn nínú iná tọ́ọ̀ṣì, àfi bí ẹ bá rí ara. Ojú màlúù ń tàn, ojú ajá ọdẹ ń tàn.

Ẹ sì mọ bí igbó ṣe rí lóde òní. Ẹ má dá nìkan lọ. Ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé fún ará ilé. Bí ẹ bá pàdé àwọn àjèjì pẹ̀lú ìbọn nínú igbó, ẹ má bá wọn jà, ẹ yà, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn tó ń ṣọ́ ìlú.

Ọmọ Ìyàrá

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Ìyá Kàbà, mo gbọ́, abo á lọ. Ẹ̀ṣọ́ Yàgbà, èmi àti àbúrò bàbá mi la jọ máa lọ.

Bàbá Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú èyí tó kù. Ìyeyè kan wà ní ìdajì òkè lẹ́yìn oko wa, ó ń jábọ́ lọ́wọ́ báyìí. Odò wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni igbó dí sí, láti ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín ti ń gòkè wá sí ìdí igi. Igi ìrókò kékeré kan wà lókè ìyeyè yẹn gan-an, ó rọrùn láti gùn. Ṣé ibẹ̀ ni kí n jókòó?

Bàbá Ọdẹ Ìsánlú

Rárá, kì í ṣe nírọ̀lẹ́. Bí o bá wà lókè ìyeyè nírọ̀lẹ́, tí ilẹ̀ bá ti tutù, òórùn rẹ á máa sọ̀ bọ̀ lórí ìdí igi, á gba ojú ọ̀nà yẹn lọ tààrà sínú igbó tí ẹran wà. Kò ní jáde rárá.

Ìrókò yẹn, òwúrọ̀ ló wà fún. Gba ẹ̀yìn òkè wá, má gba ọ̀nà odò, má sì gun igi náà kí atẹ́gùn tó yí. Mú sùúrù. Bí oòrùn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara òkè, atẹ́gùn á yí, á máa gòkè wá bá ọ, ẹran tó pẹ́ nídìí ìyeyè kò sì ní mọ̀ pé o wà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni kí o lọ. Wá igi kan sí ọwọ́ òsì tàbí ọ̀tún ìyeyè, kó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ lára òkè, kó jìnnà sí ojú ọ̀nà ẹran dé ibi tí ìbọn rẹ á ṣì lè dé e dáadáa. Òórùn rẹ á sọ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀, ẹran á gba ọ̀nà tirẹ̀ gòkè. Nínú ọwọ́ òsì àti ọ̀tún, mú èyí tí atẹ́gùn òjò láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kò ní ti òórùn rẹ lọ sórí ọ̀nà yẹn. Ọ̀sán gangan ni kí o lọ wo igi náà, kí o gé ẹ̀ka tó bá dí ojú rẹ, kí o kúrò níbẹ̀, kí o má sì padà lọ́jọ́ yẹn.

Di eérú rẹ mọ́wọ́. Bó bá fò kọjú sí ọ̀nà odò, sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, gba ẹ̀yìn òkè lọ sílé. Ìyeyè á ṣì máa jábọ́ lọ́la.

Ará Mọ̀pà ní Virginia

Àbúrò, bí o bá ní kámẹ́rà igbó tàbí o mọ ẹni tó ní in, so ó mọ́ igi tó kọjú sí ìdí ìyeyè yẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó. Fi ìbọ̀wọ́ so ó. Wo wákàtí tí akọ ń dé, wo bóyá abo àti ọmọ ló ń wá, kí o wá sọ fún wa níhìn-ín.